Òdòdó Ọsàn Inú Ọtí Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mo ń jowú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Owú náà kì í ṣe kékeré o. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọkọ mi á ti yọ́ kúrò ní pálọ̀ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé òun ni ìbínú náà máa kọ́kọ́ bà. Obìnrin yìí kò gba ọkọ lọ́wọ́ mi, kò sì gba iṣẹ́ mi. Ọtí ló gbà. Ọtí òdòdó ọsàn tí ìyá mi máa ń pò lọ́dọọdún fún Àjíǹde, obìnrin yìí ni ìyá mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò kọ́ èmi tó bí. Mo fẹ́ kí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi kí ọjọ́ tó lọ. Ìyẹn nìkan ni mò ń wá.

Bí ẹ ò bá tí ì mu ún rí, ẹ ò lè mọ ohun tí mò ń bá jà. Rọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é, ọtí pupa inú ìgò tí wọ́n ń fi ìrèké pọn. Ìyá mi á kó òdòdó ọsàn, àwọn funfun wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, á rẹ ẹ́ sínú rọ́ọ̀mù náà. Tó bá ti tó, á sẹ́ ẹ, á fún ọsàn mímu sí i, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ kó lè ta ahọ́n, á bu oyin sí i, á wá dà á sórí yìnyín. Tí o bá gbé gíláàsì yẹn súnmọ́ ẹnu, òdòdó ló máa kọ́kọ́ kí ẹ kí ọtí tó kí ẹ. Ìyá mi ti bá wọn dáná rí ní ilé ìgbàlejò kan ní Ìbàdàn kó tó fẹ́ bàbá mi, ibẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń po ọtí òyìnbó. Ti òdòdó ọsàn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló rò ó.

Igi ọsàn náà wà lẹ́yìn ilé wa ní Àtìkòrì, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá mi kì í já òdòdó. Ó máa ń ní òdòdó tí o bá já, ọsàn lo já yẹn. Aṣọ funfun ló máa ń tẹ́ sábẹ́ igi láàárọ̀ kùtù, á fi ọwọ́ gbọn ẹ̀ka jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èyí tó bá fẹ́ wá á wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mo máa ń di etí aṣọ náà mú, èmi náà ni mo máa ń ṣa èèrà kúrò lára òdòdó. Ṣùgbọ́n tó bá di pé ká wọ ilé ìdáná, ìyá mi á ti ilẹ̀kùn.

"Ó tó báyìí. Lọ máa ṣeré."

"Ìgbà wo lẹ máa wá kọ́ mi, Màámi?"

"Tó bá tó àkókò."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dúró de àkókò. Mo dúró títí mo fi gboyè, títí mo fi lọ ilé ọkọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Àkókò náà ò dé.

Ó ku nǹkan kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Inú agbo ilé kan náà ni àwa àti àbúrò bàbá mi ń gbé, Àlàájì ni wọ́n, ìdílé wọn ò sì ń fẹnu kan ọtí. Nítorí tiwọn, ìyá mi máa ń ṣe ìgò méjì. Ọ̀kan, á fi rọ́ọ̀mù rẹ òdòdó inú rẹ̀. Ìkejì, omi lásán ló máa fi rẹ ẹ́, á sì fi ọsàn àti oyin kan náà sí i. Ìgò rọ́ọ̀mù á wà lórí pẹpẹ, ti Àlàájì á wà nínú fíríìjì nítorí omi òdòdó kì í pẹ́ kan. Gbogbo ọdún ni Àlàájì máa gbé ife tiwọn sókè, tí wọ́n á ní, "Ìyàwó wa, ṣé èyí tí kò ní nǹkan nínú nìyí?" Ìyá mi á ní, "Ẹ máa mu ún, Àlàájì, Ọlọ́run ò ní bi yín." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́táàkọ́ọ̀tù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Nígbà tó gbé ìyàwó, ó ní kí ìyàwó náà máa gbé lọ́dọ̀ ìyá wa. Ará Ìwòpin ni obìnrin náà, lẹ́bàá ọ̀sà lọ́hùn-ún. Ó kó ẹja gbígbẹ wá, ó kó ẹ̀rín wá, ó sì ń pè mí ní "ọkọ mi" bó ṣe yẹ kí ìyàwó máa pe àbúrò ọkọ. Tó bá rí mi, orúnkún rẹ̀ á ti kan ilẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà. Ìwà rẹ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá burú, èèyàn á mọ bó ṣe máa bá a jà.

Ní Àjíǹde èṣí ni mo kọ́kọ́ rí i pé òun ni ìyá mi ń kọ́. Mo dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú agbọ̀n ọsàn wẹ́wẹ́, mo bá ilẹ̀kùn ilé ìdáná ní títì. Mo ní kò burú, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn èèyàn méjì, wúyẹ́wúyẹ́, wúyẹ́wúyẹ́. Mo kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó ló ṣí i díẹ̀, ó gba agbọ̀n lọ́wọ́ mi, ó kí mi, ó sì fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Ohùn ìyá mi wá láti ẹ̀yìn rẹ̀:

"Lọ jókòó sí pálọ̀. Wọ́n á gbé e wá bá ẹ."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n wọlé kí n ràn yín lọ́wọ́."

"Ọmọ-oṣú kì í dáná àsè nílé bàbá rẹ̀. O ò mọ̀ ni?"

Mo mọ̀. Àṣà ilé wa ni. Obìnrin tí wọ́n bí sínú ilé tó ti lọ ilé ọkọ, tó bá padà wá síbi ayẹyẹ, jíjókòó ni tirẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ló ń gbé tiwọn fún un. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é. Mo jókòó sínú ọ̀wọ̀ náà bí àlejò, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ife lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n gbé ọtí náà wá lọ́jọ́ Ajé, mo mu ún. Ó dùn. Ìyẹn ló burú jù.

Mo gbé ìbínú náà délé. Èmi tí mo kàwé! Igi ọsàn kan wà nítòsí ilé ìwé wa, ó ṣì ní òdòdó. Mo tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọjá sì dúró ń wò mí. Ọ̀kan ní, "Mọ́mì, ṣé nǹkan yín sọnù ni?" Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀. Mo ra rọ́ọ̀mù gidi, mo rẹ òdòdó sí i, mo tún ju èèpo ọsàn sí i, mo sì fi í sílẹ̀ títí òdòdó náà fi pọ́n, torí mo rò pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni á ṣe dùn tó. Nígbà tí mo pò ó tán, mo gbé e fún ọkọ mi. Ó mu ún, ó wo inú gíláàsì.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "ta ni ibà ń ṣe nílé yìí?"

"Kí lò ń sọ?"

"Mo rò pé àgbo lo gbé fún mi ni."

Mo tọ́ ọ wò. Ó korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ. Mo dà á sí gọ́tà. Ọkọ mi ní kí n kúkú pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, pé obìnrin náà ò ní ṣahun ọ̀rọ̀, á sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi. Kí n pe ta ni? Ìyàwó tí mo wà nílé kó tó wọlé, kó wá máa kọ́ mi ní nǹkan ìyá mi? Ẹ gbà mí! Mo ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi létí mọ́. Kò sì sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí Àjíǹde tọdún yìí ń bọ̀, mo tún wọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé. Mo yà ní Òjòwò, mo ra oyin. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń sọ ọ́ nínú ara mi pé lónìí, wọn ò ní ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná yẹn mọ́ mi.

Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀. Ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àpótí. Ìyàwó wà lẹ́yìn ilé, ó ń bó ọsàn. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi, mi ò sì jókòó.

"Màámi, mo wá kọ́ ọtí."

"Ọtí wo?"

"Ọtí yín. Lónìí ni kẹ́ ẹ kọ́ mi. Mo ti dúró tó. Àbí ẹ rí mi he ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "O ti dé pẹ̀lú ẹnu rẹ." Ó tún gbé ọ̀rọ̀ ọmọ-oṣú jáde. Inú wá bí mi.

"Tí ọmọ-oṣú ò bá gbọdọ̀ ṣe é, ṣé ará etí omi ló wá mọ̀ ọ́n? Igi ọsàn wo ló wà lórí ọ̀sà? Ẹja ni kó lọ yan!"

Mo pariwo ẹ̀ dáadáa kí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé lè gbọ́. Ó gbọ́. Ó wọlé tòun tọ̀bẹ tòun tọsàn lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi." Kí ni mo fẹ́ fi ẹ má bínú ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá mi ju bó ṣe dun ìyàwó lọ. Ó dìde. Tí inú bá ti ń bí i, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló máa ń sọ. Èmi ni mò ń tún un sọ báyìí kó lè yé gbogbo yín. Ó ní òun máa fi hàn mí pé òun ò kó nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé ìgò kan sọ̀kalẹ̀, ó ṣí i, ó gbé e sí imú, ó sì dijú, bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́n.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Ó ti tó. Gbóòórùn ẹ̀."

Mo gbé imú sí i. Ẹ̀ẹ̀mọ̀! Òórùn tó kọ lù mí dà bí ti aṣọ tí wọ́n sá sínú ilé lásìkò òjò tó ti bu. Mo tún gbé imú sí i. Kò sí rọ́ọ̀mù nínú ẹ̀ rárá. Ìgò Àlàájì ni, omi òdòdó. Iná ọba ti lọ láti àná, fíríìjì ti gbóná, omi náà sì ti kan. Ó jọ pé ìyàwó ti gbé e jáde sórí pẹpẹ kó lè dà á nù. Ọmọ kékeré kò ní gbé ìgò yẹn sí imú kó pè é ní ọtí. Ìyá mi ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ti borí.

"Àbí kò ta sánsán?"

Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó ń mi orí sí mi. Ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Ó tilẹ̀ gbé ìka lé ètè pé kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹni tí mò ń jowú bá ní kí n dákẹ́, ṣé èmi yìí ló máa dákẹ́?

"Màámi, èyí ti kan! Ìgò Àlàájì lẹ gbé. Ẹ ò gbọ́ òórùn ẹ̀ ni?"

Ìyá mi yíjú sí ìyàwó, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Èmi ni mo gbé imú sínú ìgò. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Ìyàwó ló bi léèrè.

"Ó kan díẹ̀ ni, Màámi," ìyàwó dáhùn. "Iná tí wọn ò mú wá ló fà á. Mo ti rẹ òmíràn fún Àlàájì. Tiwa wà níbí, nǹkan kan ò ṣe é." Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ìyá mi padà jókòó sórí àpótí, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́ tí kò tutù.

Mo fa ìyàwó jáde lọ sábẹ́ igi ọsàn. Mo ní kó sọ ohun tó ń ṣe ìyá mi fún mi kí n tó pariwo. Ilẹ̀ ló ń wò tó fi dáhùn.

"Imú Màámi ò gbóòórùn mọ́, ọkọ mi. Ẹnu wọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ adùn. Àìsàn ọ̀fìnkìn tó dá wọn dùbúlẹ̀ ṣáájú Àjíǹde èṣí ló mú un lọ."

Àìsàn yẹn! Èmi ni mo gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù nígbà àìsàn yẹn. Èmi ni mo sùn lórí àga níbẹ̀. Ó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ń ro òun, ó sọ fún mi pé oúnjẹ wọn ò níyọ̀. Kò sọ èyí.

"Ọjọ́ tí ẹ bá ilẹ̀kùn ní títì lọ́dún tó kọjá," ìyàwó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ẹkún ni wọ́n ń sun. Òdòdó yẹn, tí kò bá tó, ọtí ò ní ta sánsán. Tó bá pẹ́ jù, á korò. Imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé e sí imú, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbóòórùn ẹ̀, kí n máa sọ ohun tí mo gbọ́ fún àwọn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi náà ni mo sì ń bu ti Àlàájì, kí wọ́n má lọ ṣi ìgò gbé."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgàgà ẹ̀yin."

"Àgàgà èmi?"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Àgàgà ẹ̀yin." Ó wá gbójú sókè. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká wọlé báyìí, kí n fi hàn yín. Kò le."

Ẹ wò ó, ohun tí mo ti ń wá láti kékeré, obìnrin yìí gbé e fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ igi. Mo ní mi ò fẹ́. Kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó lọ máa bó ọsàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ilé kún. Ìyá mi wọ aṣọ òkè aláwọ̀ ewé, ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní ìta. Ìyàwó gbé ife àkọ́kọ́ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a tún gèlè ṣe. Mo rí ẹnu rẹ̀ létí ìyá mi. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì dìde. Ìyá mi mu ún, ó dijú, ó gbé ohùn sókè:

"Ti ọdún yìí, òdòdó ẹ̀ yọ ju tèṣí lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ló kù díẹ̀ sí."

Gbogbo ènìyàn ní, "Ìyá, ọwọ́ yín ò ní kákò o!" Àlàájì gbé tiwọn sókè, wọ́n béèrè ìbéèrè wọn, ẹ̀rín sọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Etí ìyá mi ni mò ń wò. Ìyá mi ni o, etí ìyá mi, ẹnu ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Mi ò sì lè bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Nígbà tí èrò dín kù lọ́sàn-án, mo lọ kúnlẹ̀ ti àga rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbóòórùn ẹ̀. Èmi náà ní imú. Imú yín ni mo jogún."

Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Kò béèrè ẹni tó sọ fún mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, mo rò pé ó fẹ́ ní ó dáa.

"Ẹnu rẹ mú," ó ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹnu rẹ ni mi ò fi gbà. Bí mo bá sunkún lójú ìyàwó, á nu ojú mi, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ìwọ ni mo bí. Èmi ni mo já ewé fún ẹ lọ́mọdé, tí mo gbé e sí ẹ nímú, tí mo ní, èyí ni efinrin, èyí ni òdòdó ọsàn. Kí n wá yíjú sí ẹ báyìí kí n máa bi ẹ́ pé kí ni mo gbé dání? Rárá o. Lójú tìẹ, jẹ́ kí n ṣì jẹ́ ìyá."

"Màámi, ta ló ní kẹ́ ẹ má jẹ́ ìyá mi?"

Ó ti yíjú kúrò. Ó pe ìyàwó: "Rọ tiẹ̀ sínú ìgò fún un, kó tètè máa lọ. Ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè ò dáa nírọ̀lẹ́."

Ìyàwó gbé e wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbà á, mo wọ mọ́tò, mo gbé ìgò náà lé itan. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé lọ́jọ́ tí mo bá mọ ọtí yẹn ṣe, owú mi á tán. Ó ti wá pọ̀ sí i báyìí, torí kò sí ohun tí mo lè kọ́ láyé yìí tó máa sọ mí di ẹni tí ìyá mi kò bí.